Ọtí Tèmi Ní Nọ́ńbà

Gbólóhùn kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ń jẹun, ó ń sọ sí mi lọ́kàn; mo dùbúlẹ̀, ó tún dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló sọ ọ́, n kò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Ìyá kan tó ń ta paraga ní oríta wa ní Apẹ̀tẹ̀ ló sọ ọ́ nínú ìpàdé onílé, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an: "Ọtí tèmi ní nọ́ńbà."

Ọ̀rọ̀ igbó mímu la ń sọ. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí nígboro Ìbàdàn. Àwọn kan á ní kí ìjọba fàyè gbà á, pé òyìnbó ti ń fi í ṣe oògùn, wọ́n sì ti ń fi í pawó. Àwọn kan á ní ẹni tó bá fàyè gba igbó fẹ́ sọ gbogbo ọmọ wa di wèrè ni. Wọ́n á pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tó gbé wá. Mo rò pé bí tiwa náà ṣe máa rí nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Lábẹ́ igi máńgòrò Alága

Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé ní ìta ilé Alága wa. Alhaji ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọn kì í sì í fẹ́ kí ìpàdé dí ìrun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́. Owó tíránsífọ́mà la kọ́kọ́ sọ, ẹni tí kò tíì san kò tún san. Lẹ́yìn náà la kan ọ̀rọ̀ ilé àkọ́kù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń mugbó láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Akẹ́kọ̀ọ́ Poly wà nínú wọn, ọmọ àdúgbò náà wà níbẹ̀. Bàbá kan ní kí a ránṣẹ́ pe àwọn agbófinró kí wọ́n wá kó wọn. Gbogbo wa mi orí.

Bàbá Bíríkìlà ló dìde. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ni. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kí a tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí àwọn sọ bí ó ṣe ń lọ. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n mú ọmọ wọn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdì igbó kan ṣoṣo ni, kò kún àtẹ́lẹwọ́, àpò ṣòkòtò ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni wọ́n sì ti bá a. Bàbá ọ̀rẹ́ yìí mọ ènìyàn. Kí wọ́n tó se oúnjẹ alẹ́ tán, ọmọ tirẹ̀ ti dé ilé. Ti Bíríkìlà sun ibẹ̀, ó tún sun ibẹ̀, títí wọ́n fi ta ẹ̀rọ tí ìyàwó wọn fi ń lọ ata kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò fún mi ní rìsíìtì." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa ẹnu dé nígbà tó rí i pé bàbá náà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn bá Bàbá Bíríkìlà kẹ́dùn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ sọ fún àwọn pé igbó kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó máa ń bẹ fáànù òkè àjà pé kó jọ̀ọ́ dákẹ́. Bí wọ́n bá pa fáànù náà, á bú sẹ́kún pé ó ti bínú sí òun. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mugbó ló ń dà bẹ́ẹ̀, pé púpọ̀ wọn á mu ún títí wọ́n á fi gbéyàwó, tí wọ́n á sì jáwọ́ láìsí wàhálà. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo ojú ọmọ kó mọ èyí tí yóò ba lórí jẹ́ nínú wọn. Èmi tí mo fi iṣẹ́ yẹn ṣe ayé mi, n kò lè mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ ni Ìyá Ṣadé ti fò dìde. Àwọn gan-an ló ń ta paraga. Igò ọ̀pá ẹ̀yìn, igò jẹ̀dí, igò ibà, gbogbo rẹ̀ ló tò sórí tábìlì, èèpo igi àti egbò á rì sí ìsàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọtí inú ọ̀rá á sì so rọ̀ lókè wọn láti òpó dé òpó. Ohùn wọn ló ròkè jù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí á lé gbogbo wọn kúrò, pé ọmọ tó ń mugbó kò yẹ ní àdúgbò ọmọlúàbí. Tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí òpópónà kejì ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ìsọ̀ yín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá sí ilé àkọ́kù."

Ìyá Ṣadé ti ọwọ́ bọ àpò ìró, wọ́n fa ọ̀rá ọtí kan yọ, wọ́n gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. "Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. NAFDAC rèé. Ọtí tèmi ní nọ́ńbà. Tiwọn ní nọ́ńbà?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì kò gbé ohùn sókè rárá. Wọ́n kàn bi wọ́n pé, "Ọ̀pá ẹ̀yìn tó wà nínú ìgò ńkọ́, Ìyá Ṣadé? Òun náà ní nọ́ńbà?" Ẹ̀rín sọ. Alága lu tábìlì. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tòògbé láti ìgbà ọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà la ojú rẹ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbogbo wa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè èwo ni ẹ̀tẹ̀, èwo ni làpálàpá.

Ta ni nọ́ńbà ń dáàbò bò?

Ìyá Ṣadé kò parọ́. Ọtí inú ọ̀rá wọn ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oúnjẹ àti oògùn, lóòótọ́, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì le tó ìdá 40 nínú 100. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé nọ́ńbà yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó ń mu ún. Ẹni tó ń tà á ló dáàbò bò. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá na owó sí Ìyá Ṣadé, wọ́n á já ọ̀rá kan fún un. Láti ọdún tí mo ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ yẹn, n kò tíì rí i kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ orí.

Àwọn tó fẹ́ kí òfin fàyè gba igbó máa ń sọ ohun kan tó mọ́gbọ́n dání: ẹ mú un jáde láti inú òkùnkùn, kí ìjọba lè mọ ẹni tó ń tà á, mọ bó ṣe le tó, kí wọ́n má sì tà á fún ọmọdé. Kánádà ṣe é bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. N kò ní ẹjọ́ bá Kánádà. Oríta Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń wò. Ta ni yóò dúró níbẹ̀ lóru láti wo káàdì ọmọ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá yìí fúnra rẹ̀. Ọdún 2018 ni NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe é ti fọwọ́ sí ìwé pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò kúrò lójà. Ní 2022, NAFDAC ní òun kò ní forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ní ó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́ pa. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé pátákó jáde pé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n tún sún un síwájú di ìparí 2025. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń pa ọmọ wa nìyẹn, tí a sì ti fẹnu kò pé kó kúrò. Ìdí tí kò fi yára lọ kò ṣòro: ohun tó bá ti ní nọ́ńbà ti ní ilé iṣẹ́, ó ti ní òṣìṣẹ́, ó ti ní aṣòfin tó ń gbè é.

Codeine náà ní nọ́ńbà. Ikọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Kí ìjọba tó fòfin de kíkó omi ikọ́ tó ní codeine wọlé àti ṣíṣe é nílé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, mélòó nínú ẹni tó ń gbé ìgò rẹ̀ sẹ́nu ló ń wúkọ́?

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa ta igbó ní gbangba, ojú mi máa ń lọ sí okùn tí ọ̀rá ọtí so rọ̀ sí lókè ìgò Ìyá Ṣadé. Ibẹ̀ ni igbó yóò so rọ̀ sí. Yóò wà nínú ọ̀rá, wọn yóò ya àwòrán ewé sí i, yóò sì ní nọ́ńbà.

Ẹ̀rọ ata Ìyàwó Bíríkìlà

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé mo ń fẹ́ kí òfin tó wà nílẹ̀ máa bá a lọ. Rárá o. Ẹ̀rí tó wà lórí òfin yẹn burú ju ti Ìyá Ṣadé lọ.

Ọdún 1966 ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè fi ikú jura, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò nínú ti igbó. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun mìíràn tún mú ikú wọlé fún oògùn olóró tó le ju igbó lọ, wọ́n sì yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní oṣù Kẹrin ọdún 1985 lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀ kí òfin náà tó jáde. Ní 1989 ni wọ́n dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró. Ìwé òfin rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n bá bá oògùn olóró lọ́wọ́ láìní àṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 jura. Ẹni tó ń gbìn tàbí tó ń tà lè lọ títí ayé.

Lẹ́yìn gbogbo ìbọn àti ẹ̀wọ̀n yìí, àjọ UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ tó ń ka nǹkan nílẹ̀ wa, NBS, ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2018. Wọ́n rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló mugbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn tiwa yìí ló sì ní àwọn tó ń lo oògùn olóró pọ̀ jù. Gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí, nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ju 70,000 lọ, púpọ̀ wọn ni kò sì tíì gbọ́ ìdájọ́. Ibo la fẹ́ kó mílíọ̀nù mẹ́wàá sí?

A kò ní kó wọn síbì kankan, àwọn tó ń mú wọn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kì í sábà fún ọmọ tó ní ìdì kan lápò ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn wúlò létí ọ̀nà. Bí ìjìyà bá ṣe wúwo tó nínú ìwé ni iye tí ẹni tó mú ọ lè béèrè ṣe ń gòkè tó. Bíríkìlà kò san owó ìtanràn; ẹ̀rù ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ẹ̀rọ ata san. Ẹni tó mọ ènìyàn kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò san nǹkan kan. Mo máa ń gbọ́ táwọn ènìyàn ń sọ pé òfin igbó kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó rí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Oògùn àti owó oko

Ti ìwòsàn kò gbà mí lásìkò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex, tí wọ́n ṣe láti ara igbó, fún irú gìrì kan tó le lára ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìgbìmọ̀ oògùn olóró ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà yọ igbó kúrò nínú ìsọ̀rí oògùn tí wọ́n kà sí eléwu jù, ìbò 27 sí 25. Bí dókítà UCH bá rí i pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ọmọ aláìsàn kan láǹfààní, kí ọmọ náà rí i lò. N kò rí ohun tí a fẹ́ jà lé lórí níbẹ̀. Kì í ṣe oògùn yẹn sì ni wọ́n ń mu lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn tó ń fi ti ìwòsàn ṣe ìlẹ̀kùn fún tòde mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ló yẹ kí ará Ìbàdàn fetí sí dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún 2019, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó rìnrìn àjò lọ sí Thailand pẹ̀lú ọ̀gá NDLEA ìgbà náà láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Ọ̀pọ̀ ló bú wọn. Èmi ò bú wọn. Igbó pọ̀ ní igbó ọba ìpínlẹ̀ wọn, owó sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ tó yọ̀, kó kọ́kọ́ bi àwọn baba rẹ̀ nípa kòkó. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, òkè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, owó kòkó ni. Iye tí àjọ tó ń ra kòkó ń san fún àgbẹ̀ kò tó iye tí ayé ń rà á. Èyí tó kù ni ìjọba fi ń ṣe ohun tó wù ú. Ó kọ́ ilé ìwé lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ó sì tún bí ìbínú tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà fi dìde nígboro yìí ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí ń pọ̀ sí i tí owó kòkó kò gbé e. Kòkó jẹ́ ohun tí òfin fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin o.

Zimbabwe fàyè gba gbígbin igbó fún oògùn ní 2018. Owó ìwé àṣẹ wọn nígbà náà jẹ́ 50,000 dọ́là. Àgbẹ̀ wo ní Ògbèsè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ló fẹ́ rí ìyẹn san? Àwọn kan náà tí wọ́n ń lé kiri nínú igbó lónìí ni wọ́n ó máa lé kiri lọ́jọ́ kejì tí òfin bá yí padà, ohun tó yàtọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ńlá yóò ti ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Thailand tí Gómìnà lọ wò, wọ́n ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn ní oṣù Kẹfà 2022. Ìsọ̀ igbó kún ìgboro wọn bí ẹní fọ́n eèsún. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba wọn tún ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rà á mọ́ láìsí ìwé dókítà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró sí

Tèmi ni pé kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tí igbó díẹ̀ bá wà lápò rẹ̀ fún ara rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ títà rẹ̀ di òwò aláṣẹ. Mo mọ ohun tí tíṣà òpópónà kejì yóò sọ, nítorí ó ti sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìpàdé: "Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá tọ́ láti mu ún, tí kò sì tọ́ láti tà á, ọ̀run ni yóò ti já bọ́?" Ó tọ̀nà. Ètò wíwọ́ ni. Gúúsù Áfíríkà wà nínú irú rẹ̀: ilé ẹjọ́ wọn ní 2018 sọ pé àgbàlagbà lè gbìn ín kó sì mu ún ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 2024, títà rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo bá ní láti yan láàárín ètò wíwọ́ tí kò ta ẹ̀rọ ata ẹnikẹ́ni àti ètò gígún tó ní ilé iṣẹ́ àti àwòrán ewé, wíwọ́ ni mo mú.

"Ìkọ̀kọ̀" yẹn gan-an ṣì ń dà mí láàmú. Ní ilé oníyàrá ojúkojú tí ọ̀pọ̀ ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀, kò sí èéfín tó ní ìkọ̀kọ̀. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fà ní yàrá kẹta, ọmọ ọwọ́ yàrá kẹrin ló ń mí in. Ẹni tó bá máa kọ òfin wa gbọ́dọ̀ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sì ń ro ọmọ tó ń bẹ fáànù. Láti 1964 ni Tọ́lání Asúni, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Aró, ti kọ̀wé lórí igbó àti àwọn aláìsàn tó rí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ìlú Yúróòpù àti ní Brazil, tó jáde ní 2019, sọ pé ẹni tó ń mu èyí tó le jù lójoojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po márùn-ún súnmọ́ wèrè ju ẹni tí kò mu ún rí lọ. Bí a bá tú ẹni tó ń mu ún sílẹ̀ lọ́wọ́ agbófinró tí a kò sì ní nọ́ọ̀sì tó máa gbà á, a kàn tì í láti etí ọ̀nà padà sí ilé àkọ́kù ni. Owó tí wọ́n fi ń dáná sun oko igbó, kí wọ́n bù lára rẹ̀ gba nọ́ọ̀sì.

Ìpàdé tiwa parí sí pé kí a kọ̀wé sí ẹni tó ni ilé àkọ́kù, tó ń gbé ní Èkó, kó wá mọ ògiri yí i ká. Ó ti mọ ọ́n. Àwọn ọmọ náà ti lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Àwọn aṣòfin lè gbé àbá òfin igbó mìíràn wá lọ́la. Bó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò ní ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. N ó lọ sí ibi tí wọ́n kọ owó ìwé àṣẹ oko sí, kí n wò ó bóyá àgbẹ̀ tó ní éékà méjì lè rí i san. N ó wá wá ibi tí wọ́n kọ ìjìyà ẹni tó ní ìdì kan lápò sí. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ṣì wà níbẹ̀, n ó dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.